Skáànù orí ikùn, skáànù ojú ara àti MRI: bí mo ṣe rí wọn nígbà tí ìjù (fibroid, kókó inú ilé-ọmọ) ń dà mí láàmú

Nígbà tí nǹkan oṣù mi bẹ̀rẹ̀ sí í ya bí omi, skáànù orí ikùn ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí n ṣe. Wọ́n ní kí n mu omi títí àpò ìtọ̀ mi fi kún fọ́fọ́, torí ìgbà náà ni ilé-ọmọ máa ń hàn dáadáa. Kò dùn mí, owó rẹ̀ kò sì ga. Ó sọ pé ìjù wà níbẹ̀, pé wọ́n pọ̀. Èyí tó ń fa ẹ̀jẹ̀ gan-an ni kò sọ, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Ìjù kékeré tó yọ sínú ihò ilé-ọmọ lè mú ẹ̀jẹ̀ wá ju ìjù gàǹgà tó wà lẹ́yìn ilé-ọmọ lọ.

Skáànù ojú ara ló là á yé wa. Ìtìjú ń lé ọ̀pọ̀ wa sá fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá. Ńṣe lẹ máa tọ̀ kí ẹ tó wọlé. Wọ́n á fi kóńdọ́ọ̀mù bo ọ̀pá skáànù tí wọ́n máa ń fi sínú ojú ara, wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì sí i, ara máa ń ni èèyàn díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kí nọ́ọ̀sì obìnrin dúró tì mí, ó sì dúró. Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè. Ibẹ̀ la ti rí ìjù tó yọ sínú ihò. Ẹni tí kò bá tíì mọ ọkùnrin, kó tètè sọ, wọn kì í sábà ṣe é fún irú wọn.

MRI, ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, gbówó lórí gan-an. Ariwo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á bọ́ gbogbo irin lára yín, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ mira. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n yọ ìjù láì yọ ilé-ọmọ, òun ló sì fi ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fìdí sí han dókítà. Bó bá jẹ́ ìjù kan péré ni, tí skáànù sì ti fi hàn kedere, mi ò rí ìdí tẹ́ ẹ fi máa ná owó yẹn.

Àbúrò mi tó ń wá ọmọ, HSG ni wọ́n ṣe fún un: oògùn tí wọ́n fún sínú ilé-ọmọ, tí wọ́n wá fi X-ray wò bóyá túúbù tí ẹyin ń gbà wọ ilé-ọmọ là. Ó dùn ún bí inú rírun nǹkan oṣù. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dá, kí ẹyin tó jáde, ni wọ́n máa ń ṣe é. Kì í ṣe òun lẹ máa fi wá ìjù tó wà nínú ògiri ilé-ọmọ.

Ẹ gba sídíì àwòrán pẹ̀lú ìwé èsì. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní àwòrán náà gan-an lòun fẹ́ fojú ara òun rí.