Poker (eré káàdì tí wọ́n ń fi owó ta): ìṣirò ni kí n kọ́ ni, àbí kí n ṣáà máa ta á?

Ìṣirò kò náni lówó, kò sì ju ìpín lọ. Owó ilẹ̀ jẹ́ 100, alátakò fi 50 kún un: o gbọ́dọ̀ lè jẹ ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin kí o tó san 50 tìrẹ. Bí káàdì kan péré ló kù láti ṣí ní Texas Hold'em (irú poker kan), tó jẹ́ 9 nínú káàdì 46 tí o kò tíì rí ló lè gbà ọ́, kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin. Fi káàdì rẹ sílẹ̀.

Títa lásán máa ń jẹ owó, àmọ́ ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ ẹni tó ń purọ́.

Ọ̀mọ̀wé kọ̀ǹpútà ni Chris Ferguson tó gba World Series of Poker, ìdíje poker ńlá, ní 2000. Stu Ungar tí kò parí iléèwé gba á ní 1980, 1981 àti 1997 (orí tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ṣá).

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí o kò ti rójú ẹnikẹ́ni, kọ́ ìṣirò. Láàárín ọ̀rẹ́, tówó kò pọ̀, ojú lásán lè tó.