Ọ́fíìsì oníṣirò owó kan ní Òkèṣà, Adó-Èkìtì
Aránṣọ ni mí, kò sí ọ̀gá tó ń bá mi yọ owó-orí. Màmá tó ni ọ́fíìsì náà béèrè rìsíìtì owó ìlera tí mo ń san sí ètò ìjọba. Wọ́n ní òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2026 gbà kí a kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú owó tó wọlé fún mi lọ́dún kí a tó ṣírò owó-orí. Ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé náà ń kúrò, kò ṣáà gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Nínú owó tó wọlé tó bá kù, ₦800,000 àkọ́kọ́ ò lówó-orí rárá. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ tọ́jú rìsíìtì yín o! Àga ò tó níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ẹ lọ ní Ọjọ́bọ̀.