Iná Iwájú Ìjàpá Mi: Ohun Tí Mo Rà, Ohun Tí Mo Sọ Nù, àti Bí Ó Ṣe Rí Lójú Pópó Lóru

Ọkọ̀ Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen olójú rògbòdò, tí mo ń lò jẹ́ ti ọdún 1976, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò pọ̀ ní ilé iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná iwájú rẹ̀ kò sàn ju àtùpà elépo lọ. Ní oṣù Ọ̀wàrà tó kọjá, mo ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìbàdàn ní alẹ́. Ewé tútù tí àwọn awakọ̀ máa ń já sójú títì láti fi kìlọ̀ pé ọkọ̀ bàjẹ́ síwájú, táyà mi ti gùn ún kí ojú mi tó rí i. Nígbà tí màá fi gbójú sókè, ìdí ọkọ̀ akẹ́rù kan ti wà níwájú mi, kò sì ní iná kankan. Mo tẹ bíréèkì, mo yà bàrá, Ọlọ́run sì kó mi yọ. Ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bíréèkì Ìjàpá kì í sì í ṣe ti ọkọ̀ òde òní. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí.

Gílóòbù LED méjì ni mo kọ́kọ́ rà, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ontajà ń fi lọ̀ mí nígbà tí mo dé ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Gate, Ìbàdàn. Mo kábàámọ̀ rẹ̀. Lára ògiri ilé mi, ó mọ́lẹ̀ débi tí inú mi fi dùn. Lójú pópó, ìwọ̀nba mítà díẹ̀ níwájú táyà ló mọ́ rekete, lẹ́yìn ìyẹn òkùnkùn birimùbirimù ni. Àwọn tó ń bọ̀ lọ́nà kejì sì ń ṣẹ́jú iná sí mi léraléra, torí pé ó ń wọ̀ wọ́n lójú. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ṣe àwo dídán inú iná àtijọ́ fún okùn tín-ín-rín tó máa ń pọ́n nínú gílóòbù, ibi tí okùn náà wà gan-an ló sì ń pinnu ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò lọ. LED kò ní irú okùn bẹ́ẹ̀, bí orísun ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá sì yẹ̀ kúrò níbẹ̀ díẹ̀ péré, ìmọ́lẹ̀ á fọ́nká sí ibi tí kò yẹ. Lẹ́yìn alẹ́ méjì, mo yọ wọ́n kúrò.

Rẹ́wáyà tó ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe ló là mí lóye. Ó wo iná náà títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, iná kò dé ọ̀hún ni. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ná.” Ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná kan bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ó kà á sí 13.6 volt, ó fi kan ẹnu gílóòbù, ó jẹ́ 11.2. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá wà, nítorí náà, iná gbọ́dọ̀ rìn láti ìdí ọkọ̀ dé iwájú, kó gba inú swíìṣì, kó gba ibi tí a ti ń yí fúùlù (iná tó ń tàn jìnnà) sí dímù (iná tó rẹlẹ̀), kó tún gba inú fíúsì, kó tó kan gílóòbù. Gbogbo ibi tí wáyà ti so kọ́ra wọn láti ọdún 1976 ló ń bù nínú rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí a tan iná, mo fi ìka kan ẹ̀yìn swíìṣì náà, ó gbóná: ohun tó yẹ kó di ìmọ́lẹ̀ níwájú ló ń di ooru níbẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ máa ń yára dín ju volt lọ. Bí volt bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, ìmọ́lẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dín. Pẹ̀lú iye tí a wọ̀n yẹn, díẹ̀ ni ohun tí mo ń rí gbà fi ju ìdajì ìmọ́lẹ̀ tó tọ́ sí mi lọ.

A wá ra rìléè méjì, ìyẹn swíìṣì tí iná kékeré ń darí kó lè gbé iná ńlá kọjá, ọ̀kan fún fúùlù, ọ̀kan fún dímù. A fa wáyà tuntun tó nípọn láti ẹnu bátìrì wá sí iwájú, a sì fi fíúsì sí i nítòsí bátìrì gan-an, kí ó lè jẹ́ pé bí wáyà náà bá bó níbikíbi, fíúsì ni yóò já, kì í ṣe ọkọ̀ ni yóò jóná. Wáyà yìí wọ ẹnu tí wọ́n kọ 30 sí lára rìléè kọ̀ọ̀kan, 87 lọ sí gílóòbù, 85 lọ sára irin ọkọ̀, wáyà àtijọ́ tó ń ti ọ̀dọ̀ swíìṣì bọ̀ sì wọ 86. Swíìṣì àtijọ́ kò gbé ẹrù mọ́, àṣẹ nìkan ló ń pa. A ha ọ̀dà kúrò níbi tí wáyà ilẹ̀, ìyẹn ti 85 yẹn, ti kan irin títí irin fi dán, a sì fi gíríìsì pa á kí ó má baà dípẹtà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ní Ìjàpá, ẹ rí i pé ìdérí wà lórí bátìrì kí ẹ tó dá àga ẹ̀yìn padà, nítorí pé bí ẹni tó sanra bá jókòó, irin inú àga lè kan orí bátìrì, iná sì lè sọ níbẹ̀.

Nígbà tí a tún un wọ̀n, 13.1 volt ló dé ẹnu gílóòbù. N kò tíì pààrọ̀ gílóòbù nígbà náà o. Ti àtijọ́ oní 45 watt fún fúùlù àti 40 fún dímù ló ṣì wà níbẹ̀, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n bí ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti funfun sí i. Nínú gbogbo owó tí mo ná, owó wáyà àti rìléè ló kéré jù, òun náà sì ni mo rí èrè rẹ̀ jù.

Ó wá ku iná fúnra rẹ̀. Àwo dídán inú ti àtijọ́ ti ṣí bí èèpo àlùbọ́sà, ìpẹtà sì ti gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí omi òjò ti ń dúró. Ontajà kan mú tókunbọ̀ méjì jáde tó mọ́ tónítóní, tó sì dọ́pọ̀. Nígbà tí mo wo dígí rẹ̀ dáadáa, mo rí ọfà kékeré kan tó kọjú sí ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Àmì iná ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wakọ̀ lápá òsì nìyẹn, bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Iná dímù wọn máa ń gòkè díẹ̀ lápá òsì kó lè fi etí títì wọn hàn. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń gba apá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá gbé irú iná bẹ́ẹ̀ sórí ọkọ̀ níhìn-ín, ojú ẹni tó ń bọ̀ ni yóò máa tàn sí. Mo dá a padà fún un. Ó dùn mí pé ẹlòmíràn yóò rà á láìmọ̀.

Èyí tí mo rà níkẹyìn ni ti Hella, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Lippstadt ní Jámánì lọ́dún 1899. Ínǹṣì 7 ni ìbú rẹ̀, ó sì wọ ojú Ìjàpá láìgé nǹkan kan. Gílóòbù H4 ló ń lò, 60 watt fún fúùlù, 55 fún dímù. Okùn méjì ló wà nínú gílóòbù kan ṣoṣo, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ kékeré kan sábẹ́ ti dímù, tí kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kan ìdajì ìsàlẹ̀ àwo dídán. Èyí ló mú kí ìmọ́lẹ̀ dímù ní etí gírígírí lókè, tó fi jẹ́ pé títì mọ́lẹ̀ síbẹ̀ kò wọ ẹni tó ń bọ̀ lójú. Wọ́n fi gílóòbù 100 watt lọ̀ mí, mo kọ̀ ọ́, nítorí ooru rẹ̀ máa ń yọ́ ẹnu ìsopọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bí ẹ bá ra iná tó dára jù lọ láyé, tí ẹ kò bá tò ó kó lè kọjú síbi tó yẹ, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan. Mo gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó jìnnà sí ògiri ní mítà 5, mo sì ní kí ọmọ mi jókòó sáyè awakọ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan tó ga bákan náà pẹ̀lú àárín iná, mo fa òmíràn sí sẹ̀ǹtímítà 5 nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo da aṣọ bo iná kan, mo ń yí ìdè iná kejì díẹ̀díẹ̀ títí etí ìmọ́lẹ̀ dímù fi jókòó lórí ìlà ìsàlẹ̀ náà, tí ó sì ń gòkè lọ lápá ọ̀tún nìkan. Ó gbà mí tó wákàtí kan. N kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Mo tún gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lóru lẹ́yìn ìyẹn. Mo rí ewé tútù kan lókèèrè, mo kà á tán bí ẹni ka lẹ́tà, mo ti bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ tó wà níwájú kí n tó dé ìdí táńkà tó bàjẹ́ sílẹ̀. Mo rí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ létí títì, aṣọ dúdú ló sì wọ̀. Kò sí ẹni tó ṣẹ́jú iná sí mi títí mo fi délé.

Ohun kan ṣì kù tó ń dùn mí. Dánámò (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná) 30 amp ló wà lára ọkọ̀ mi, dímù nìkan sì ń jẹ tó amp 9. Lójú ọ̀nà gbọọrọ, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ń rọra ṣiṣẹ́ lójú kan, iná pupa bátìrì máa ń tàn fírífírí níwájú mi. Mo ti ń wá ọlitanétọ̀ 50 amp tó bá a mu, ìyẹn ẹ̀rọ tó lè rọ́pò dánámò náà. Kí n tó rí i, bí mo bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Mọ́kọ́lá, mo máa ń pa dímù, màá sì fi iná kékeré sílẹ̀ títí ọ̀nà yóò fi là.