Sítóófù induction olójú kan: ìdí ìkòkò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Sítóófù induction olójú kan tí mo ń yẹ̀ wò yìí, ìyẹn sítóófù oníná mànàmáná tó ń fi agbára òòfà mú ìkòkò gbóná, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1,800 wáàtì, ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé omi kì í pẹ́ hó lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà á láì kọ́kọ́ yẹ àwọn ìkòkò ilé rẹ̀ wò lè rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wúlò fún un, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìkòkò ni yóò gba àyè jù nínú àyẹ̀wò yìí.

Wáyà bàbà kan tí wọ́n ká róbótó ló wà lábẹ́ gíláàsì rẹ̀. Bí a bá ti tan sítóófù náà, iná mànàmáná inú wáyà yìí yóò máa lọ, yóò máa bọ̀, ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára òòfà tó ń ti ara rẹ̀ jáde yóò sì mú kí iná mìíràn máa yí po nínú irin tó wà ní ìdí ìkòkò. Michael Faraday ló ṣàwárí ìlànà yìí ní ọdún 1831. Irin kì í jẹ́ kí iná yẹn kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, inú ìdènà náà sì ni ooru ti ń jáde, tó fi jẹ́ pé ìkòkò fúnra rẹ̀ ló ń gbóná. Ẹ má tìtorí èyí gba ẹni tó bá sọ pé gíláàsì rẹ̀ máa ń tutù nígbà gbogbo gbọ́, torí ooru ìkòkò tó jókòó lé e tó láti jó ènìyàn lọ́wọ́. Kí ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ń darí bí ọkàn ṣe ń lù sí láyà sì bi dókítà rẹ̀ léèrè kí ó tó máa dúró ti irú sítóófù yìí.

Ohun tó mú un yára ni pé ooru rẹ̀ kì í ṣòfò. Lórí gáàsì, púpọ̀ nínú ooru ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò bá afẹ́fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n lórí èyí, nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún agbára iná tí a bá lò ló ń wọ inú ìkòkò. Bí ìkòkò bá báramu, tí a sì dé e, lítà omi kan yóò hó ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Bí ẹ bá ń lọ ra ìkòkò, ẹ mú òòfà kékeré dání, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Ẹni tó ń tajà lè máa wò yín bákan; ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ìdí ìkòkò ni kí ẹ fi kàn, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá lẹ̀ típẹ́típẹ́ tó fi jẹ́ pé ẹ ní láti fà á kí ó tó kúrò, ìkòkò náà dára. Bí ó bá rọra so mọ́ ọn, tó sì ń yọ̀ wálẹ̀, ooru tí ẹ ó rí níbẹ̀ kò ní tó nǹkan. Ìkòkò irin nínípọn àti èyí tí wọ́n fi tánganran bò máa ń yege. Alumíníọ̀mù, bàbà, gíláàsì àti amọ̀ kì í yege, àfi bí wọ́n bá lẹ irin mọ́ wọn nídìí. Irin tí kì í dípẹtà ló ń rú àwọn òǹrajà lójú jù: èyí tí wọ́n kọ 18/10 sí lára ní nickel, ìyẹn èròjà kan tí wọ́n ń pò mọ́ irin, nínú, nickel yìí ni kì í sì í jẹ́ kí òòfà mú un, nígbà tí òòfà ń mú 18/0, tí kò ní nickel, dáadáa. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lẹ àwo irin mìíràn mọ́ ìdí ìkòkò 18/10 kí ó lè ṣiṣẹ́ lórí sítóófù yìí.

Àwo irin yẹn gan-an ni kí ẹ tẹjú mọ́, nítorí páànù lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 24 kí àwo ìdí rẹ̀ má ju 16 lọ. Bí ẹ bá bu omi díẹ̀ sínú irú páànù bẹ́ẹ̀, kí omi náà ṣáà ti bo ìdí rẹ̀, ẹ ó rí i pé itòsí àárín ló ti kọ́kọ́ ń hó, ní ìrísí òrùka, tí ti etí sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ohun tí ẹ bá ń dín níbẹ̀ yóò jó láàárín kí ti etí tó jinná. Wáyà inú sítóófù olójú kan pàápàá kì í fẹ̀ púpọ̀, n kò sì rí ohun tí ènìyàn ń fi páànù ràgàjì ṣe lórí rẹ̀.

Ìdí ìkòkò gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ gbé rúlà lé ìdí rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rúlà kọjá. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tètè máa ń wọ́, pàápàá bí a bá gbé e lófìfo sórí iná tó le. Ní ti àwo irin tí wọ́n ń tà pé kí a fi sáàárín gíláàsì àti ìkòkò tí kò báramu, n kò gbà yín níyànjú láti rà á: àwo náà ni yóò kọ́kọ́ gbóná, kì í ṣe ìkòkò, ooru rẹ̀ yóò sì padà sórí gíláàsì débi pé sítóófù lè pa ara rẹ̀.

Fáànù sítóófù náà ń pariwo, àwọn ìkòkò kan sì ń kùn bí iná bá le, ṣùgbọ́n èyí ṣeé mú mọ́ra. Bí omi bá dà sójú ibi tí a ti ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, yóò kọ̀ láti gbọ́ràn títí a ó fi nù ún gbẹ. Ohun tí n kò fẹ́ràn rárá ni iná jẹ́jẹ́ rẹ̀. Kàkà kí iná náà dín kù, ṣe ló ń tàn tó ń kú, tí ọbẹ̀ yóò hó kùtùkùtù, tí yóò sì tún dákẹ́. Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn máa ń di ooru mú títí iná yóò fi padà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ pé oúnjẹ tó ń pẹ́ lórí iná ló ń sè jù, kí ó wá sítóófù tí iná rẹ̀ lè kéré láì kú, kódà bí owó rẹ̀ bá ga ju ti èyí lọ.