Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta gíláàsì VR “8K” fún fóònù

Ẹ̀yin tó ń wá gíláàsì VR tí a ń ti fóònù bọ̀ rà, èyí tí a ń dè mọ́jú kí àwòrán lè yí wa ká bíi pé a wà nínú rẹ̀, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Àwọn kan wà ní Computer Village, Ìkẹjà, àwọn mìíràn wà lórí Instagram, tí wọ́n ń ta ike kan tí wọ́n kọ “4K” tàbí “8K”, ìyẹn bí àwòrán ṣe mọ́ kedere tó, gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Irọ́ gbuu ni. Irú gíláàsì yìí kò ní ohunkóhun tó ń gbé àwòrán jáde nínú rárá. Ike ni, lẹ́ǹsì méjì ni, okùn tí a fi ń dè é mọ́rí ni, ó tán. Fóònù yín ló ń gbé àwòrán jáde. Píksẹ́lì ni àmì tótòtó tó para pọ̀ di àwòrán. Bí fóònù náà bá jẹ́ 1080p, a ó pín ojú rẹ̀ sí méjì, píksẹ́lì 960 péré ni yóò kan ojú kọ̀ọ̀kan ní ìbú, lẹ́ǹsì á sì tún sọ ìwọ̀nba yẹn di ńlá, tí ẹ ó fi máa rí àmì tótòtó láàárín àwòrán. Ẹni tó bá fi owó kún ọjà nítorí 8K, jìbìtì ló ń lù yín.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n lù bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá. Wọ́n fẹ́ fi ta ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe WAEC tán lọ́rẹ. Oníṣọ́ọ̀bù náà yọ fóònù olówó ńlá nínú àpò ara rẹ̀, ó tì í bọ inú ike, ó ní kí wọ́n wò ó. Lóòótọ́, bí wọ́n ṣe ń yí orí ni àwòrán ń yí. Wọ́n ka ₦45,000 fún un. Nígbà tí ọmọ fi fóònù tirẹ̀ sí i nílé, àwòrán dúró gbagidi. Ìyá rẹ̀ náà fi tiwọn sí i, ohun gbogbo di méjì-méjì lójú wọn, orí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn.

Èmi ni wọ́n gbé e wá bá. Róòlù kékeré kan wà lókè rẹ̀ tó yẹ kó máa sún lẹ́ǹsì méjèèjì mọ́ra tàbí kúrò lára ara wọn. Ó ń yí, ó tilẹ̀ ń dún ká-ká, àmọ́ lẹ́ǹsì kò kúrò lójú kan. Mo tú u. Róòlù náà kò so mọ́ nǹkan kan. Mo ṣí ọ̀rá tín-ín-rín tí wọ́n fi bo lẹ́ǹsì: ti apá òsì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nínú rẹ̀ sì rí ṣàrà-ṣàrà bí omi tí ṣúgà ń yọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi padà lọ, ohun tí oníṣọ́ọ̀bù náà sọ fún wọn ni pé, “Màmá, ojú yín ni kò tíì mọ́ ọn lára.” Ó wá nawọ́ sí àkọlé ara ògiri pé ọjà tí a bá ti rà kò ṣeé dá padà.

Ọ̀rọ̀ “ojú yín ò tíì mọ́ ọn lára” yìí ló bí mi nínú jù. Ojú kì í mọ́ lẹ́ǹsì wíwọ́ lára. Àlàfo tó wà láàárín ẹyinjú ọ̀tún àti òsì yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí èkejì. Ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wà láàárín mìlímítà 54 sí 74. Ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ gbé rúlà sí ìsàlẹ̀ ojú, ẹ ó rí tiyín. Bí àárín lẹ́ǹsì kò bá bọ́ sí iwájú ẹyinjú yín, iṣan ojú ló máa ń fi agbára so àwòrán méjèèjì pọ̀, ibẹ̀ ni orí fífọ́ àti òòyì ti ń wá. Nítorí náà, ẹ yí róòlù kí ẹ sì wo lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ bóyá ó ń rìn. Ẹ bo ojú kan, ẹ bo èkejì, kí ẹ wá la méjèèjì. Bí àwòrán kò bá di ọ̀kan, ẹ dá a padà fún un lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń lo gíláàsì ojú, kí ó gbé e wọ̀ nígbà tó bá ń dán an wò.

Àmì QR ara rẹ̀ tún wà, ìyẹn àmì onígun mẹ́rin tí fóònù máa ń kà. Àmì yìí ni app Cardboard, tí Google gbé jáde lọ́dún 2014 fún irú gíláàsì fóònù yìí, fi ń mọ bí lẹ́ǹsì ṣe rí, kó lè tún àwòrán ṣe. Mo fi fóònù ka ti ike ẹ̀gbọ́n mi: orúkọ gíláàsì mìíràn ló jáde. Wọ́n kàn dà á kọ ni. Abájọ tí férémù ilẹ̀kùn inú àwòrán fi tẹ̀ kọdọrọ.

Ti àwòrán tó dúró gbagidi, fóònù ọmọ náà ni kò ní gyroscope, ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ bí fóònù ṣe ń yí, bíi ọ̀pọ̀ fóònù tówó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ ṣí fídíò 360 lórí YouTube, kí ẹ yí fóònù sọ́tùn-ún sósì. Bí àwòrán kò bá bá a yí, ẹ má ra gíláàsì kankan fún fóònù yẹn. Oníṣọ́ọ̀bù mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi fi fóònù tirẹ̀ dán an wò.

Ẹ kíyè sí àwọn tó ń ta Gear VR tòkunbọ̀ náà, ìyẹn gíláàsì VR tí Samsung ṣe fún fóònù tiwọn. Nǹkan gidi ni nígbà tirẹ̀, àmọ́ àwọn fóònù Galaxy kan péré ló bá mu. Samsung kò jẹ́ kó bá Note 10 ti 2019 ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n sì ti iṣẹ́ VR tiwọn pa lọ́dún 2020. Daydream, ètò VR fóònù ti Google, náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti 2019. Ẹni tó bá ní ó bá gbogbo fóònù mu, ẹ fi í sílẹ̀. Lórí ayélujára, àwòrán Meta Quest, gíláàsì VR tó ń gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀ tí kò sì nílò fóònù, ni àwọn kan ń gbé síta, ike ni wọ́n á fi ránṣẹ́. Bí wọn kò bá gbà kí ẹ tú páálí wò kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí dispatch gbé e padà.

Fóònù tiyín ni kí ẹ gbé lọ. Ẹ wọ gíláàsì náà pẹ́ díẹ̀, kì í ṣe kí ẹ kàn yọjú. Bí okùn kan kò bá gba àárín orí kọjá, imú ni yóò gbé gbogbo ẹrù fóònù. Bí iwájú rẹ̀ bá dí pátápátá, ooru á mú fóònù, lẹ́ǹsì á sì hu òógùn.

Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí ó kọ gbogbo ohun tó sọ pé ọjà náà ń ṣe sínú rìsíìtì. Àkọlé ara ògiri kò borí òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, a fi àwòrán páálí, róòlù àti rìsíìtì sí i. Bí ẹ bá ti ra irú ike yìí, ẹ má jù ú nù. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ ní fọ́tò, kí ẹ kọ tiyín náà ránṣẹ́ sí wọn.