Fọ́kílíìfù oníná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a rà ní àlòkù: ibi tó ti dára àti ibi tí mo ti ń bá a jà

Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi sì ni mo máa ń yẹ àwọn ẹ̀rọ wò kí ẹnikẹ́ni tó gùn wọ́n láàárọ̀. Fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè, tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, iná mànàmáná ló ń lò. Táyà méjì wà níwájú, ọ̀kan péré lẹ́yìn. A fi rọ́pò oní-dísẹ́ẹ̀lì ńlá kan tí èéfín rẹ̀ kò jẹ́ ká mí dáadáa nínú ilé. Mo fẹ́ràn rẹ̀, tí wọ́n bá sì ní kí n tún yàn, òun náà ni n ó yàn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ fọ́kílíìfù kọ́ ni ohun tí ẹ ń fowó rà.

1,600 kílò ni wọ́n kọ sára tiwa pé ó lè gbé. Ẹni tó ń tà á ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ. Mo ní kó jẹ́ kí n rí àwo irin kékeré tó wà níwájú ìjókòó, nítorí ibẹ̀ ni òótọ́ wà. Àwo náà ní 1,600 kílò ni lóòótọ́, tí àárín ẹrù kò bá ju 500 mìlímítà lọ sí ibi tí fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin méjì tó ń wọ abẹ́ ẹrù, ti dìde, tí a kò sì gbé e ga púpọ̀. Tí òpó iwájú tí fọ́ọ̀kì ń gùn lọ sókè bá nà tán, 1,200 ló kù. Ẹrù tó gùn mítà kan, àárín rẹ̀ bọ́ sí 500 yẹn gẹ́lẹ́. Èyí tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ ti ń fà á síwájú, agbára rẹ̀ sì ń dín kù. Ẹrù wa tó wúwo jù lọ lórí pẹpẹ òkè kò ju 1,000 kílò lọ, ìdí nìyẹn tó fi tó wa. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n ti so nǹkan mìíràn mọ́ iwájú rẹ̀ lẹ́yìn tó kúrò ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é, bí irin tó ń ti fọ́ọ̀kì sọ́tùn-ún sósì. Bí wọ́n bá so ó tí wọn kò pààrọ̀ àwo náà, irọ́ ni àwo ń pa.

Fọ́ọ̀kì ni mo kọ́kọ́ lọ bá nígbà tí mo ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tó ti tẹ̀ kọrọdọ ló máa ń tètè jẹ, torí ibẹ̀ ló ń wọ́ nílẹ̀. Mo fi kálípà, irin tí a fi ń wọn nínípọn nǹkan, wọn apá òkè tí kò fara kan ilẹ̀ rí: 40 mìlímítà. Mo wọn ibi tó tẹ̀: 35. Bí 40 bá ti di 36, fọ́ọ̀kì ti parí iṣẹ́ nìyẹn, torí 10% tó jẹ yẹn máa ń mú nǹkan bí 20% lọ nínú agbára rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á ní kò sí wàhálà, òun á ní kí wẹ́dà jó irin lé e. Mo ní rárá o! Irin fọ́ọ̀kì kì í ṣe irin géètì. Ó bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó pààrọ̀ méjèèjì pọ̀ kí a tó sanwó, nítorí a kì í fi tuntun kan so pọ̀ mọ́ ògbólógbòó kan.

Ṣéènì òpó náà ní òdiwọ̀n tirẹ̀: bí ó bá ti fi 3% gùn ju bó ṣe wà ní tuntun, ẹ yọ ọ́ kúrò. Tiwa ṣì dára. Lójoojúmọ́, mo máa ń wo táyà, bíréèkì, họ́ọ̀nù, bẹ́líìtì ìjókòó, mo sì máa ń gbé ẹrù sókè díẹ̀ kí n wò ó bóyá ó ń rọra sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí ọ́ìlì tó ń ti fọ́ọ̀kì sókè bá ń jò, ẹ má fi ọwọ́ wá ojú ihò náà. Ọ́ìlì tó ń fi ipá tú jáde láti ihò bíńtín lè gún awọ ara wọlé. Páàlì ni kí ẹ fi wá a.

Àwọn kan ń bẹ̀rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pé yóò dojú dé. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin pàápàá, ojú mẹ́ta ló dúró lé, torí irin tó so táyà ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ máa ń yí ní àárín. Fífi eré yípo nígbà tí ẹrù wà lókè ló ń dojú wọn dé, mẹ́ta ni o, mẹ́rin ni o. Ohun tó ń dààmú àwọn awakọ̀ tuntun wa ni ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Táyà ẹ̀yìn ló ń yí, nítorí náà bí iwájú bá ya sí òsì, ẹ̀yìn á fì sí ọ̀tún. Pẹpẹ wa ti gba tirẹ̀.

Ibi tí mo ti ń bá a jà ni bátìrì. Òjé àti ásíìdì ni, ó sì gba ìtọ́jú bí ọmọ tuntun. A kì í lò ó tán pátápátá. Tó bá ku 20%, ó yá, ẹ gbé e lọ sídìí iná. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ la ti ń gba iná sí i, láìsí ṣáná nítòsí, torí gáàsì haidirójìn tó ń jáde lè gbiná. Ẹ̀yìn tó bá gba iná tán la ń bu omi bátìrì sí i, kì í ṣe ṣáájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ásíìdì á kún jáde. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ ní ká ra bátìrì lithium tó fúyẹ́ dípò rẹ̀. Èrò náà wù mí, ṣùgbọ́n ìwúwo bátìrì wà lára ohun tó ń fa ẹ̀rọ náà sẹ́yìn kí ẹrù má baà fà á ṣubú síwájú. Àwo yẹn náà kọ ìwúwo tí bátìrì kò gbọdọ̀ dín sí. Tí a bá fẹ́ ṣe é, a ní láti fi irin kún un, kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì fọwọ́ sí i.

Ìjókòó rẹ̀ le bí àpáta.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà àárín pẹpẹ yín há gan-an, reach truck, fọ́kílíìfù tó lè na fọ́ọ̀kì rẹ̀ síwájú, ni kí ẹ wò, ilẹ̀ yín ṣáà gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Tó bá jẹ́ ìta gbangba, orí òkúta wẹẹrẹ, tàbí ibi tó dà gẹ̀rẹ́, ẹ fi irú tiwa yìí sílẹ̀: táyà rẹ̀ kéré, ó le, kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin oní-dísẹ́ẹ̀lì tí táyà rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ ló yẹ yín, afẹ́fẹ́ ìta á sì máa gbé èéfín rẹ̀ lọ.