MEGA: ó dáa o, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹjọ́ tó bí i

Àwọn tó ń yin MEGA, ìkànnì tá a fi ń tọ́jú fáìlì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í sọ ibi tó ti wá, èmi ò sì lè sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ láì sọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wo fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì látayé ọjọ́un, ẹ rántí Megavideo? Tẹ́ ẹ bá wo nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ dé ìṣẹ́jú 72 báyìí, á dúró gbagidi níbi tó dùn jù, á ní kẹ́ ẹ sanwó àbí kẹ́ ẹ lọ sinmi ná. Òun àti Megaupload, níbi táwọn èèyàn ti ń gbé fáìlì sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹlòmíì láti dáńlóòdù, ilé kan náà ni, Kim Dotcom ọmọ Jámánì tó ń gbé New Zealand ló dá wọn sílẹ̀. Ní January 2012 ìjọba Amẹ́ríkà ti gbogbo ẹ̀ pa, wọ́n ní fíìmù àti orin olórin ló fi ń jẹun, pé ó ti pa ju mílíọ̀nù 175 dọ́là lọ, làwọn ọlọ́pàá New Zealand bá gbé hẹlikọ́pítà lọ sílé ẹ̀ lẹ́bàá Auckland bíi pé ajínigbé ni wọ́n ń wá. Àwọn tí ò jí nǹkankan ló ṣe mí láàánú jù, fọ́tò wọn, iṣẹ́ wọn, gbogbo ẹ̀ há sórí séfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí Megaupload ń kó fáìlì sí, ọ̀pọ̀ ò sì rí i gbà mọ́.

Ó pé ọdún kan géérégé, January 19, 2013, Dotcom gbé MEGA jáde. Kí fáìlì tó kúrò lórí fóònù yín ló ti máa tì í pa, ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà, MEGA fúnra ẹ̀ ò lè ṣí i wò. Wọ́n ní torí àṣírí wa ni. Mo gbà, àmọ́ ẹni tí ò rí nǹkan, ta ló máa pè é lẹ́jọ́? Ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ dáàbò bò jàre.

Lílò ẹ̀ wá ńkọ́? 20GB lọ̀fẹ́, ti Google ò ju 15GB lọ, Gmail àti fọ́tò tún ń bá a pín in. Ẹni tẹ́ ẹ fi líǹkì ránṣẹ́ sí ò ní láti ṣí àkáǹtì kó tó dáńlóòdù, ìyẹn wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n dáńlóòdù ọ̀fẹ́ níwọ̀n, tó bá ti tán ẹ máa jókòó dè é fún wákàtí mélòó kan, tẹ́ ẹ bá sì gbàgbé pásíwọ̀ọ̀dù láì tọ́jú recovery key, ìyẹn kóòdù tẹ́ ẹ lè fi ṣí àkáǹtì yín padà, ó parí nìyẹn, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa bẹ̀.

Dotcom ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́ ṣá, ní 2015 ó tiẹ̀ ní òun ò fọkàn tán an mọ́. Ẹjọ́ tiẹ̀ ò tíì fi í sílẹ̀, August 2024 ni mínísítà ìdájọ́ New Zealand fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé e fún Amẹ́ríkà.

Máàkì tèmi, 7 nínú 10. Sátífíkéètì àti fọ́tò ìgbéyàwó, ẹ fi ẹ̀dà kan sórí hard drive ilé.